Bí Nǹkan Ṣe Ń Wọ Inú Sẹ́ẹ̀lì àti Bó Ṣe Ń Jáde: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Mọ̀ ọ́n Dénú

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ti há orúkọ sórí: dìfúṣọ̀n, ọsimósísì, àtàwọn orúkọ gbọọrọ mìíràn tó tẹ̀ lé e. Wọ́n lè ka ìtumọ̀ wọn láìwẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè pé báwo ni ọtí ṣe ń dé inú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, tàbí kí ló dé tí omi iyọ̀ fi ń mú kí ewéko rọ, ọ̀rọ̀ á pèsì jẹ. Orúkọ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn.

Ìbéèrè la ó fi bẹ̀rẹ̀ níbí. Ohunkóhun tó bá fẹ́ kọjá lára awọ sẹ́ẹ̀lì, ohun mẹ́ta la ó máa bi í: Irú kí ni ọ́? Apá wo lo pọ̀ sí jù, inú ni tàbí ìta? Ṣé fúnra rẹ lò ń lọ, àbí nǹkan kan ń fi agbára gbé ọ? Ẹni tó bá rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á mọ ọ̀nà tí nǹkan náà ń gbà, kódà bí kò bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà la ó wá fi ọwọ́ ara wa dán an wò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ́kọ́ mọ awọ náà

Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ló ní awọ tó yí i ká, ì báà jẹ́ ti ènìyàn, ti ewéko tàbí ti bakitéríà. Awọ yìí kò nípọn ju nǹkan bíi nanomítà 7 sí 8 lọ (nanomítà kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mílímítà). Bí ẹ bá to 10,000 rẹ̀ léra, kò ní nípọn tó ewé ìwé kan ṣoṣo.

Ọ̀rá ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Mólékù ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ní orí kan tó fẹ́ràn omi àti ìrù méjì tó ń sá fún omi. Omi sì nìyí nínú sẹ́ẹ̀lì, omi nìyí níta rẹ̀. Ńṣe ni àwọn mólékù náà tò ní ìlà méjì: ìrù kọjú sí ìrù láàárín, orí kọjú sí omi lápá méjèèjì. Ní 1925, Gorter àti Grendel ní ilẹ̀ Netherlands yọ ọ̀rá inú awọ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sójú omi, wọ́n sì rí i pé ó gba ààyè ìlọ́po méjì ojú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti yọ ọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìlà méjì ti bẹ̀rẹ̀. (Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé wọn ò yọ ọ̀rá náà tán, wọ́n sì tún ṣírò ojú sẹ́ẹ̀lì náà kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Àṣìṣe méjèèjì pa ara wọn rẹ́, èsì tó tọ̀nà ló sì jáde.)

Ọ̀rá nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Pírótéènì wà láàárín rẹ̀ káàkiri, àwọn kan la awọ náà já láti inú dé ìta. Ní 1972, Singer àti Nicolson ṣàlàyé pé awọ náà kò gan paali: ọ̀rá rẹ̀ ń ṣàn, ọ̀pọ̀ pírótéènì inú rẹ̀ sì ń rìn kiri. Ohun tó kàn wá nínú gbogbo èyí ni pé ọ̀rá ló ń dínà, pírótéènì ló ń la ọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yẹ ohun tó fẹ́ kọjá wò

Ẹ wo bó ṣe tóbi tó. Ẹ wò ó bóyá ọ̀rá ló fẹ́ràn tàbí omi. Ẹ wò ó bóyá ó gbé àmì iná dání, ìyẹn + tàbí −.

Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn àti kábọ́ọ̀nù-dàiọ́ksáídì kéré, wọn kò sì gbé àmì iná kankan. Wọ́n ń gba inú ọ̀rá kọjá láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọtí náà rí bẹ́ẹ̀, nítorí mólékù rẹ̀ kéré, ó sì lè bá omi rẹ́, ó lè bá ọ̀rá rẹ́. Kò sí sẹ́ẹ̀lì ara tó lè ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Àwọn họ́mọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ọ̀rá ṣe, bí ẹ́sírójìn àti tẹsitósítírọ́ọ̀nù, tóbi ju ọ́síjìn lọ fíìfíì, síbẹ̀ wọ́n ń wọlé, nítorí ọ̀rá mọ ọ̀rá.

Omi àti yúríà, ìyẹn ìdọ̀tí tó ń bá ìtọ̀ jáde, wà láàárín méjì. Wọ́n kéré, wọn kò gbé àmì iná odindi, ṣùgbọ́n omi ni ọ̀rẹ́ wọn. Wọ́n ń yọ́ kọjá díẹ̀díẹ̀. Glúkóòsì, ìyẹn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, àti àwọn ásíìdì amínò tí wọ́n fi ń mọ pírótéènì, tóbi ju ìyẹn lọ, wọ́n sì fẹ́ràn omi púpọ̀. Tí a bá fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá nìkan, agbára káká ni ìkankan fi máa kọjá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú ni ọ̀rọ̀ áyọ́ọ̀nù, ìyẹn átọ́ọ̀mù tàbí mólékù tó gbé àmì iná dání. Áyọ́ọ̀nù sódíọ̀mù kéré gan-an sí mólékù glúkóòsì. Ojú ìwọ̀n nìkan ni ẹ bá fi wò ó, ẹ ó sọ pé á kọjá wẹ́rẹ́. Kò lè kọjá rárá. Àmì iná tó wà lára rẹ̀ ń fa mólékù omi mọ́ra, wọ́n sì rọ̀ mọ́ ọn yí ká. Kó tó lè wọ inú ọ̀rá, á ní láti bọ́ omi wọ̀nyẹn sílẹ̀, bíbọ́ náà sì gba agbára tí kò ní. Nítorí náà, bí ẹ bá ti rí + tàbí −, ẹ gbàgbé ọ̀nà inú ọ̀rá, ẹ máa wá pírótéènì tó máa mú un kọjá.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wo apá tó pọ̀ sí jù

Mólékù kì í jókòó. Ní 1827, Robert Brown fi máíkírósíkópù wo àwọn nǹkan wínníwínní tó jáde láti inú lẹ́búlẹ́bú òdòdó, ó rí i pé wọ́n ń jà pìtìpìtì nínú omi láìdáwọ́ dúró. Lẹ́yìn àkókò rẹ̀ ni wọ́n tó mọ̀ dájú pé àwọn mólékù omi tí ojú kò rí ló ń kọlù wọ́n.

Mólékù kankan kò mọ ibi tó ń lọ. Ó kàn ń sáré, ó ń kọlu òmíràn, ó ń yà. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ̀rún bá wà lápá kan tí ọgọ́rùn-ún sì wà lápá kejì, àwọn tó máa ṣèèṣì kọjá láti apá ẹgbẹ̀rún ló máa pọ̀ jù. Báyìí ni nǹkan ṣe ń lọ láti ibi tó pọ̀ sí ibi tó kéré títí apá méjèèjì á fi dọ́gba. Ohun tí wọ́n ń pè ní dìfúṣọ̀n kò ju èyí lọ. Nígbà tí ó bá dọ́gba, ìrìn kò dúró. Iye tó ń lọ àti iye tó ń bọ̀ ló di ọgbọọgba.

Adolf Fick gbé òfin rẹ̀ kalẹ̀ ní 1855. Bí ìyàtọ̀ apá méjèèjì bá ti tóbi tó ni ìrìn ṣe máa yá tó. Bí ojú tí wọ́n ń gbà kọjá bá gbòòrò, á yá sí i. Bí ohun tó wà láàárín bá nípọn, á falẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun kan. Fún mólékù kékeré nínú omi, àkókò tó máa gbà ń pọ̀ sí i ju bí ọ̀nà ṣe ń jìn sí i lọ: bí ọ̀nà bá di ìlọ́po mẹ́wàá, àkókò á di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Láti la sẹ́ẹ̀lì tó fẹ̀ tó 10 máíkírómítà (ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mílímítà) kọjá, ó gbà á ní nǹkan bí 0.05 ìṣẹ́jú àáyá. Láti rin mílímítà kan, nǹkan bí ìṣẹ́jú 8. Láti rin sẹ̀ǹtímítà kan péré, ó lé ní wákàtí 13. Ẹni tó bá fojú kan àwọn nọ́ńbà yìí kò ní béèrè mọ́ pé kí ló dé tí sẹ́ẹ̀lì fi kéré, tàbí kí ló dé tí ẹranko ńlá fi nílò ọkàn tó ń ti ẹ̀jẹ̀ kiri.

Ojú àti àyè inú náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Kúùbù tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 1 cm ní ojú 6 cm² fún àyè inú 1 cm³. Ẹ sọ ẹ̀gbẹ́ náà di 2 cm: ojú di 24, àyè di 8, ìyẹn ojú 3 sí àyè 1. Ẹ sọ ọ́ di 3 cm: 54 sí 27, ó ti di 2 sí 1. Bí nǹkan ṣe ń tóbi ni ojú tó fi ń gba oúnjẹ ń dín kù sí àyè inú tó fẹ́ bọ́. Òun ló fà á tí ojú ìfun kékeré fi ká wìnnìwìnnì, tí ẹ̀dọ̀fóró sì pín sí àpò tíntìntín àìmọye.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ya omi sọ́tọ̀, ẹ ka ohun tó yòrò

Omi náà ń ṣe dìfúṣọ̀n, àmọ́ ó máa ń da àwọn ènìyàn láàmú nítorí òdìkejì ni wọ́n gbọ́dọ̀ wò. Omi ń lọ sí apá tí ohun tó yòrò bá ti pọ̀ jù, bí awọ tó wà láàárín bá ń jẹ́ kí omi kọjá tí kò sì jẹ́ kí ohun tó yòrò náà kọjá. Èyí ni wọ́n ń pè ní ọsimósísì. Nollet ti rí i ní 1748: ó fi ọtí kún inú ìgò, ó fi àpòòtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ dé e lẹ́nu, ó rì í sínú omi, àpòòtọ̀ náà sì wú títí ó fi fẹ́ bẹ́.

Ọ̀nà tí ẹ ó fi mọ ibi tí omi máa lọ nìyí. Ẹ ka iye hóró, ìyẹn mólékù tàbí áyọ́ọ̀nù, tó yòrò nínú lítà kan, ẹ má wo bó ṣe wúwo. Iyọ̀ máa ń pín sí méjì nínú omi, sódíọ̀mù àti kílóráìdì, nítorí náà hóró iyọ̀ kan di méjì. Ṣúgà kì í pín. Omi iyọ̀ 0.9% tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára ní iyọ̀ gíráàmù 9 nínú lítà kan. Ìyẹn jẹ́ mílímóòlù 154 (móòlù ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ka hóró, mílímóòlù sì jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún rẹ̀), tó bá sì pín sí méjì, ó di 308. Omi glúkóòsì 5% ní gíráàmù 50 nínú lítà kan, èyí tí ó fún wa ní nǹkan bíi 278. Gíráàmù 9 àti gíráàmù 50, síbẹ̀ iye hóró inú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ sún mọ́ra. Méjèèjì kò jìnnà sí ti inú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ wá ju sẹ́ẹ̀lì pupa sínú omi lásán: omi á rọ́ wọlé, sẹ́ẹ̀lì á wú, á bẹ́. Ẹ jù ú sínú omi iyọ̀ tó ki: omi á sá jáde, sẹ́ẹ̀lì á hunjọ. Nínú 0.9% kò sí ohun tó máa ṣe é. Sẹ́ẹ̀lì ewéko ní ògiri líle lẹ́yìn awọ rẹ̀, nítorí náà kì í bẹ́. Ńṣe ni omi á máa ti awọ mọ́ ògiri, tí ewé á fi dúró gbọingbọin. Omi iyọ̀ ń mú kí ewé rọ nítorí pé títì yẹn ti kúrò níbẹ̀. Àwọn ẹ̀dá onísẹ́ẹ̀lì kan tó ń gbé inú omi tútù, bíi paramẹ́síọ̀mù, kò ní ògiri. Àpò kan wà nínú wọn tó ń kó omi jọ, tó sì ń tú u jáde léraléra.

Ìdẹkùn kan wà níbí tí mo fẹ́ kí ẹ dúró wò dáadáa. Ẹ po yúríà sínú omi títí iye hóró inú rẹ̀ á fi bá ti inú sẹ́ẹ̀lì pupa dọ́gba, ẹ wá ju sẹ́ẹ̀lì náà sí i. Nípa ìṣirò, kò yẹ kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì náà á bẹ́, bí ẹni pé omi lásán lẹ jù ú sí. Ìdí ni pé yúríà fúnra rẹ̀ ń kọjá wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Bó ṣe ń wọlé ni iye hóró inú ń pọ̀ sí i, omi sì ń tẹ̀ lé e. Nítorí náà, kíka hóró nìkan kò tó: hóró tí kò lè kọjá ni ẹ gbọ́dọ̀ kà. Ìgbésẹ̀ kejì ló máa sọ fún yín èyí tó lè kọjá àti èyí tí kò lè kọjá.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wá pírótéènì tó ń la ọ̀nà

Irú méjì ló wà. Ihò ni èkínní: pírótéènì tó la awọ já, tí àárín rẹ̀ ṣófo. Agbérù ni èkejì: ó ń di nǹkan mú lápá kan, ó ń yí ara padà, ó sì ń tú u sílẹ̀ lápá kejì. Níwọ̀n ìgbà tí nǹkan náà bá ń lọ láti ibi tó pọ̀ sí ibi tó kéré, méjèèjì kò ná sẹ́ẹ̀lì ní agbára kankan.

Omi ní ihò tirẹ̀. Peter Agre àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ fi í hàn ní 1992: wọ́n mú kí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ ṣe pírótéènì tí wọ́n ń fura sí, wọ́n jù ú sínú omi tí kò ní iyọ̀ púpọ̀, ẹyin náà sì wú títí ó fi bẹ́, nígbà tí ẹyin tí kò ní pírótéènì náà dúró láìyí padà. Akuapórìn ni wọ́n sọ ọ́. Nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́ta mólékù omi lè gba ihò kan kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Agre gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísítírì ní 2003 pẹ̀lú Roderick MacKinnon, ẹni tó fi bí ihò pọtásíọ̀mù ṣe rí hàn. Ihò pọtásíọ̀mù yẹn ya ènìyàn lẹ́nu: ó ń jẹ́ kí pọtásíọ̀mù kọjá, ó sì ń dá sódíọ̀mù tó kéré jù ú lọ padà. Pọtásíọ̀mù bá ògiri inú ihò náà mu gẹ́lẹ́ débi pé ó lè bọ́ omi ara rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Sódíọ̀mù kò kún ibẹ̀, kò sì rí ohun tó máa dì mú.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá agbérù ni nǹkan kan ń lò, ẹ máa pọ̀ ọ́n sí i níta díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì wo bó ṣe ń yá tó láti wọlé. Ohun tó ń gba inú ọ̀rá á máa yá sí i bí ẹ ṣe ń pọ̀ ọ́n. Ti agbérù á yá títí dé ààyè kan, á sì dúró síbẹ̀, nítorí gbogbo agbérù ti lẹ́rù lọ́wọ́. Glúkóòsì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi yìí náà la ti lè tú àṣìlóye kan palẹ̀: ínsúlínì, họ́mọ́ọ̀nù tó ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, kò fi agbára ti ṣúgà wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Nínú iṣan ara àti sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá, ńṣe ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì kó agbérù glúkóòsì tó wà nípamọ́ nínú jáde sára awọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí nǹkan bá ń gòkè láti ibi tó kéré lọ sí ibi tó pọ̀, ẹ béèrè ibi tí agbára ti wá

Sódíọ̀mù níta sẹ́ẹ̀lì ara wa jẹ́ nǹkan bíi mílímóòlù 145 nínú lítà kan. Nínú, nǹkan bíi 12. Pọtásíọ̀mù jẹ́ òdìkejì: nǹkan bíi 140 nínú, 4 níta. Ó yẹ kí dìfúṣọ̀n ti sọ wọ́n di ọgbọọgba tipẹ́. Bí wọn ò bá dọ́gba, a jẹ́ pé nǹkan kan ń ṣiṣẹ́ ní òru àti ní ọ̀sán.

Jens Skou ló rí i ní 1957, nínú nẹ́ẹ̀fù (iṣan ìmọ̀lára) ẹsẹ̀ akàn. Pírótéènì kan ni, wọ́n ń pè é ní pọ́ọ̀ǹpù sódíọ̀mù-pọtásíọ̀mù. Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọn. Ó ya ẹnu sí inú sẹ́ẹ̀lì, ó di sódíọ̀mù mẹ́ta mú. ATP kan, ìyẹn mólékù tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gbé agbára kiri, fún un ní fọ́síféètì kan, ìyẹn ni agbára rẹ̀. Ó yí padà, ó ya ẹnu síta, sódíọ̀mù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Pọtásíọ̀mù méjì wọlé dípò wọn, fọ́síféètì bọ́, ó tún yí padà sínú, ó tú pọtásíọ̀mù méjèèjì sílẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi tó ń jò ni sẹ́ẹ̀lì, pọ́ọ̀ǹpù yìí sì ni ẹni tó jókòó sí ìdí ọkọ̀ tó ń gbọ́n omi dànù: jíjò kò dáwọ́ dúró, gbígbọ́n náà kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára tí ara ń ná nígbà tí ènìyàn bá sinmi ló ń bá a lọ, ti ọpọlọ sì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá agbára wà nídìí ìrìn kan, ẹ gba ATP lọ́wọ́ sẹ́ẹ̀lì náà pẹ̀lú oògùn tó ń dá mímí sẹ́ẹ̀lì dúró, kí ẹ wò ó bóyá ìrìn náà dúró. Ẹ má fi òtútù nìkan ṣe ẹ̀rí. Òtútù ń dín gbogbo ìrìn kù, títí kan dìfúṣọ̀n.

Ọ̀nà kan tún wà tó ṣòroó rí lójú kan. Níwọ̀n bí pọ́ọ̀ǹpù ti kó sódíọ̀mù jọ síta, sódíọ̀mù ń wá ọ̀nà àtiwọlé padà. Àwọn agbérù kan wà tí kì í jẹ́ kó wọlé ní ọwọ́ òfìfo. Nínú ìfun kékeré, agbérù kan ń mú sódíọ̀mù méjì àti glúkóòsì kan wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kódà bí glúkóòsì bá ti pọ̀ nínú ju ìta lọ. Agbérù náà kò fọwọ́ kan ATP. Pọ́ọ̀ǹpù ti ná an sílẹ̀ fún un. Robert Crane ló dá àbá yìí ní 1960.

Ìgbésẹ̀ keje: ohun ńlá kò ní ihò

Bakitéríà odindi tàbí pírótéènì ńlá kò lè gba ihò kankan. Awọ fúnra rẹ̀ ló máa ká yí i ká, á gé ara rẹ̀, nǹkan náà á sì di ohun tó wà nínú àpò kékeré nínú sẹ́ẹ̀lì. Metchnikoff wò ó ní 1882 nínú ọmọ ìràwọ̀ òkun: ó gún ẹ̀gún sí i lára, ó sì rí sẹ́ẹ̀lì tó ń rìn lọ yí ẹ̀gún náà ká. Ní òdìkejì, àpò láti inú á wá lẹ̀ mọ́ awọ, á sì tú ohun inú rẹ̀ síta. Bí ínsúlínì ṣe ń jáde nìyẹn. Lílọ àti bíbọ̀ yìí náà ń jẹ agbára.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ fi gbogbo rẹ̀ tú àìsàn kan palẹ̀

Ẹ mú kọ́lẹ́rà. Oró rẹ̀ mú kí ihò kílóráìdì tó wà lára sẹ́ẹ̀lì ìfun wà ní ṣíṣí. Kílóráìdì rọ́ jáde sínú ìfun, sódíọ̀mù tẹ̀ lé e nítorí àmì iná, hóró wá pọ̀ jù nínú ìfun, omi sì lọ bá wọn. Aláìsàn lè pàdánù ọ̀pọ̀ lítà omi lójúmọ́. Bí ẹ bá fún un ní omi lásán, ìfun kò ní ìdí láti fà á wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ rántí agbérù sódíọ̀mù àti glúkóòsì: oró kọ́lẹ́rà kò bà á jẹ́. Ẹ fi iyọ̀ àti glúkóòsì sínú omi náà, agbérù á mú méjèèjì wọlé, omi á sì tẹ̀ lé wọn. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2002 fún omi ORS, ìyẹn omi iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń fún ẹni tó ń ṣu omi mu, ní sódíọ̀mù mílímóòlù 75 àti glúkóòsì 75 nínú lítà kan, àpapọ̀ hóró rẹ̀ sì jẹ́ 245, tó kéré sí ti ẹ̀jẹ̀. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀: omi á tún sá padà sínú ìfun.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe é

Ohun tí ẹ nílò ni pòtétò ńlá kan, ṣúgà funfun, ìwọ̀n tó ń ka gíráàmù dé ìdá ọgọ́rùn-ún, ife mẹ́fà, rúlà, ọ̀bẹ tó mú, àti tíṣù.

Ẹ po omi ṣúgà. Fún 1.0 móòlù nínú lítà, ẹ wọn ṣúgà gíráàmù 34.2, ẹ fi omi díẹ̀ yọ́ ọ, kí ẹ tó wá bu omi kún un títí á fi di mílílítà 100. Ẹ má da ṣúgà sínú mílílítà 100 tó ti pé tẹ́lẹ̀, nítorí ṣúgà náà gba ààyè. Fún 0.8, gíráàmù 27.4, fún 0.6, 20.5, fún 0.4, 13.7, fún 0.2, 6.8. Ife kẹfà, omi lásán. Ẹ kọ nọ́ńbà sára ife kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fi ohunkóhun sí i.

Ẹ gé pòtétò náà sí ọ̀pá gígùn 4 cm, fífẹ̀ 1 cm lápá méjèèjì, láìsí èèpo kankan lára rẹ̀, mẹ́ta fún ife kọ̀ọ̀kan. Èèpo kì í jẹ́ kí omi kọjá dáadáa, á sì ba ìṣirò jẹ́. Ẹ fi tíṣù gbẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ jù ú sí ife rẹ̀. Ẹ bo àwọn ife náà kí omi má bàa fẹ́ lọ. Wákàtí méjì ni ó kéré jù; bí ẹ bá lè fi í sílẹ̀ mọ́jú, èsì á ṣe kedere.

Ẹ yọ wọ́n, ẹ gbẹ wọ́n bí ẹ ṣe gbẹ wọ́n ní àkọ́kọ́, ẹ tún wọ̀n wọ́n. Ẹ yọ ìwọ̀n àkọ́kọ́ kúrò lára ti ìkẹyìn, ẹ fi ti àkọ́kọ́ pín in, ẹ sọ ọ́ di ìdá ọgọ́rùn-ún. Ká sọ pé 4.20 di 4.62, èrè 10% nìyẹn. Bí 4.00 bá di 3.60, àdánù 10% ni. Ẹ má kàn yọ gíráàmù kúrò lára gíráàmù, nítorí àwọn ọ̀pá náà kò dọ́gba. Kí ẹ tó kó wọn dànù, ẹ tẹ wọ́n wò: èyí tó wà nínú omi lásán á le, á fẹ́ ṣẹ́, èyí tó wà nínú 1.0 á rọ̀, ẹ lè ká a.

Ẹ ya gíráàfù: ìwọ̀n ṣúgà nísàlẹ̀, ìdá ọgọ́rùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi tí ìlà ti kọjá lórí òdo ni ibi tí omi kò lọ tí kò bọ̀, ìyẹn ibi tí ìta àti inú pòtétò ti bára mu. Ó sábà máa ń wà láàárín 0.2 sí 0.4.

Ẹni tó bá ní máíkírósíkópù lè rí ohun kan náà lójú. Ẹ bó awọ fẹ́lẹ́ tó wà lára ìpele àlùbọ́sà pupa, ẹ tẹ́ ẹ sórí gíláàsì pẹ̀lú ẹ̀kán omi iyọ̀ 5%. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọ̀ àlùkò inú sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí fà sẹ́yìn kúrò lára ògiri. Ẹ wá kán omi lásán sí etí gíláàsì kan, ẹ fi tíṣù fa omi iyọ̀ jáde ní etí kejì, àwọ̀ náà á tún kún padà, bí iyọ̀ kò bá tíì pa á.

Bí èsì pòtétò bá ṣe ségesège, tíṣù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí: ẹni tó gbẹ ọ̀pá kan fínnífínní tó sì kàn fọwọ́ kan èkejì ti ba iṣẹ́ náà jẹ́. Pòtétò tó ti pẹ́ nílẹ̀ ti pàdánù omi, sítáàṣì inú rẹ̀ sì lè ti máa di ṣúgà, nítorí náà ibi òdo á sún lọ sí apá ọ̀tún; pòtétò kan náà ni kí gbogbo ọ̀pá ti wá. Bí 0.8 àti 1.0 bá fún yín ní èsì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, iṣẹ́ yín kò bàjẹ́. Sẹ́ẹ̀lì náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ gbogbo omi tó lè sọ nù, gíráàfù á sì tẹ́ níbẹ̀. Ẹ má fi rúlà fa ìlà kan ṣoṣo la gbogbo àmì kọjá. Ẹ fi ọwọ́ fa ìlà tó tẹ̀, kí ẹ sì ka ibi òdo látorí ìyẹn.